Ó Tọ́ Kí Ènìyàn Máa Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Pààrọ̀ Súpíríǹgì Ọkọ̀ Rẹ̀ Nílé

Bí ẹ bá gba àdúgbò Oníyanrìn kọjá ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, ẹ kò ní ṣàì rí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan tàbí méjì tí wọ́n fi òkúta há lẹ́sẹ̀ níwájú agboolé, tí ẹsẹ̀ ènìyàn yọ síta lábẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ bẹ́ẹ̀ ni mẹkáníìkì. Òmíràn jẹ́ akọ̀wé ìjọba, òmíràn ń tajà ní Ọjà'ba, òmíràn sì jẹ́ olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, irú tèmi yìí. Ohun tí àwa wọ̀nyí ń ṣe lábẹ́ ọkọ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, pàápàá jù lọ ọ̀rọ̀ súpíríǹgì tí ó ti rọ̀ tàbí tí ó ti kán. Àwọn kan ní kò tọ́ kí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ fọwọ́ kàn án rárá. Àwọn mìíràn ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, pé bóòtì lásán ni. Èrò tèmi ni pé ó tọ́ kí á ṣe é nílé, ṣùgbọ́n ibì kan wà nínú iṣẹ́ náà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ lásán dé. Ẹni tí kò bá mọ ibẹ̀, kí ó má tilẹ̀ gbé jáàkì.

Kí á tó máa jiyàn, ó yẹ kí ohun tí à ń jiyàn lé lórí yé wa. Súpíríǹgì ni irin líle tí wọ́n ká róbótó róbótó, tí ara ọkọ̀ jókòó lé lórí. Òun ni ó ń gbé ẹrù. Ṣọ́ọ̀kù kì í gbé ẹrù. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kí ó má jẹ́ kí ọkọ̀ máa fò sókè sódò bí ọ̀pọ̀lọ́ lẹ́yìn tí súpíríǹgì bá ti gba kòtò sára. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í ya méjèèjì sọ́tọ̀. Wọ́n á ní ẹsẹ̀ ọkọ̀ ti kú, wọ́n á sáré lọ ra ṣọ́ọ̀kù, nígbà tí ó jẹ́ pé súpíríǹgì ni ó rọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tí ó ṣàárẹ̀, ẹ fi gbogbo agbára yín tẹ igun ọkọ̀ kan mọ́lẹ̀, kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí ó bá ń jó lọ jó bọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ, ṣọ́ọ̀kù ni. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ náà bá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí ilẹ̀ títẹ́jú láìsí ẹrù nínú rẹ̀, tí táyà ń ha abẹ́ mọ́gáàdì nígbà tí ènìyàn mẹ́ta bá jókòó sẹ́yìn, tí ẹ sì ń gbọ́ bí irin ti ń lu irin ní gbogbo kòtò, súpíríǹgì ni kí ẹ fura sí.

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ni ó ní irú súpíríǹgì yìí o. Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá kò ní in. Irin gbọọrọ tí ń lọ́ra nínú páìpù ni tirẹ̀. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù, láti orí bọ́lẹ̀kájà ayé àtijọ́, irin pẹlẹbẹ tí a tò léra wọn ni wọ́n ń lò, èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ fẹ́ràn láti fi rọ àdá nígbà tí ó bá ti gbó. Ọ̀rọ̀ wa kò kan àwọn wọ̀nyẹn. Ti Peugeot 504 (yàtọ̀ sí oníkẹ̀kẹ́ ẹrù rẹ̀), àti ti Nissan Micra tí ó kún ìgboro Ìbàdàn bí eéṣú, ni à ń sọ.

Ọ̀rọ̀ náà kan tolórí tẹlẹ́mù nítorí pé ọkọ̀ àgbà ni ó pọ̀ lọ́wọ́ wa. Nígbà tí owó Údójì dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní 1975, olùkọ́ tí kò ra ọkọ̀ ra alùpùpù. Ọdún yẹn gan-an ni ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Kàdúná. Ìgbà tí ètò SAP wọlé ní 1986, tí náírà já wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun bọ́ lọ́wọ́ olùkọ́, kò sì tíì padà síbẹ̀. Tòkunbọ̀ ni a ń rà láti ìgbà náà. Ọkọ̀ tí ó ti sáré fún ọdún mẹ́wàá nílùú Òyìnbó kí ó tó gúnlẹ̀ sí èbúté Èkó, tí ó tún wá bọ́ sínú kòtò tiwa níhìn-ín, súpíríǹgì rẹ̀ kò lè wà bí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é.

Àwọn tí kò gbà pẹ̀lú mi ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ wọn tàfàlà. Wọ́n ní mẹkáníìkì lo ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ kí ó tó ṣe frídọ́ọ̀mù, pé kí ni olùkọ́ Yorùbá fi mọ ohun tí ẹni náà fi ọdún mẹ́rin kọ́? Wọ́n tún ní bí gbogbo wa bá ń tún ọkọ̀ ara wa ṣe, kí ni oníṣẹ́ ọwọ́ yóò jẹ? Èyí kejì dùn mí ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé àbúrò mi gan-an, mẹkáníìkì ni. Iṣẹ́ yìí ni ó fi rán ọmọ mẹ́ta níléèwé.

Síbẹ̀, ẹ bá mi wo ohun tí ojú wa ń rí. Oníbàárà yóò gbé ọkọ̀ tí ó tẹ̀ sápá kan dé. Ó ní òun fẹ́ lò ó lọ sí òkú ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun lọ́la, owó tí ó sì wà lọ́wọ́ òun kò tó ra súpíríǹgì. Kí ni mẹkáníìkì yóò ṣe? Yóò gé táyà àlòkù, yóò fi há àárín súpíríǹgì náà kí ó lè ga. Ọkọ̀ yóò dìde lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí rọ́bà há sí kò lè fún pọ̀ mọ́, àwọn ìká tó kù ni yóò máa gbé gbogbo ẹrù, àwọn náà yóò sì kán ṣáájú ọjọ́ wọn. Òmíràn yóò ra ẹyọ kan ṣoṣo, yóò fi tuntun sí ọ̀tún, yóò fi àgbà sílẹ̀ lósì. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní dúró déédéé lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, pàápàá nígbà tí a bá tẹ bíréèkì lójijì tàbí tí a bá yà ní kọ́nà. Méjì méjì ni à ń pààrọ̀ súpíríǹgì, ti ọ̀tún àti ti òsì papọ̀. Kò sí mẹkáníìkì gidi tí kò mọ èyí. Oníbàárà ni kò lówó, tí ó sì ń kánjú, ẹni tí ó sì ń ṣiṣẹ́ fún oníkánjú kò lè ṣe ju ohun tí wọ́n ní kí ó ṣe lọ.

Ìdí kìíní nìyí tí mo fi fara mọ́ ṣíṣe é nílé. Ẹni tí ó ń ṣe tirẹ̀ kò kánjú. Bí owó súpíríǹgì kejì kò bá tíì pé, yóò dúró de òpin oṣù. Bí bóòtì kan bá dípẹtà, yóò bu epo sí i lálẹ́ kí ó tó sùn, yóò sì padà sídìí rẹ̀ láàárọ̀. Oníṣẹ́ tí ọkọ̀ mẹ́fà tò sílẹ̀ fún kò ní àyè èyí. Òòlù ni yóò gbé. Àti pé ẹni tí yóò jókòó sínú ọkọ̀ náà pẹ̀lú aya àti ọmọ rẹ̀ lọ́nà Ọ̀yọ́ ni ó ń dè é.

Mo sọ lẹ́ẹ̀kan pé ibì kan wà tí ọwọ́ lásán kò gbọdọ̀ dé. Mo mọ ibẹ̀ nítorí pé mo ti dé ibẹ̀. Ní ọdún díẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì, mo tú ẹsẹ̀ iwájú 504 mi. Ní ti iwájú, súpíríǹgì náà wà lára ṣọ́ọ̀kù ni. Irin pẹlẹbẹ kan dé e lórí, nọ́ọ̀tì kan láàárín ni ó sì mú gbogbo rẹ̀ pọ̀. Mo jókòó sórí àpótí níwájú ilé wa, mo gbé e sáàárín ẹsẹ̀ mi méjèèjì. Mo ti rí i tí àwọn kan ń fi wáyà dè é, ni èmi náà bá fi okùn ọ̀rá dè é lọ́nà mẹ́ta, mo fà á títí ó fi ń dún bíi gìtá. Ọmọ àbúrò mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, dúró níwájú mi, ó ń bá mi mú sípánà. Òùngbẹ ń gbẹ mí. Mo ní kí ó lọ bu omi wá. Bí ó ti wọlé ni mo yí nọ́ọ̀tì náà.

N kò gbọ́ ìgbà tí okùn já. Ariwo páànù ni mo gbọ́. Súpíríǹgì náà ti gba ibi tí orí ọmọ náà wà kọjá, ó ti lu òrùlé àtíbàbà ya, ó sì ti já bọ́ sínú agbada amọ̀ tí ìyá mi fi ń pọn omi fún adìẹ. Irin tí ó dé e lórí ti gba ìka àárín ọwọ́ òsì mi. Ọmọ náà jáde pẹ̀lú ife omi lọ́wọ́, ó ní, "Bàbá Tíṣà, kí ló dún?" N kò lè dá a lóhùn. Ìka yẹn kò ká mọ́ títí di òní, ṣùgbọ́n ìka kọ́ ni mo máa ń rò bí mo bá jí lóru.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka físíìsì yóò rántí òfin Robert Hooke, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1678: bí agbára tí a fi fa súpíríǹgì tàbí tí a fi fún un pọ̀ bá ti tó, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe nà tàbí kí ó kúrú tó, bí a kò bá ti fà á kọjá ààlà rẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ mi sàn, ẹlẹgbẹ́ mi kan tí ó ń kọ́ni ní físíìsì fi ẹfun ṣírò rẹ̀ fún mi lójú pátákó. Ó ní kí á gbà pé súpíríǹgì kan ń gba agbára Newton 20 kí ó tó kúrú ní mílímítà kan. Bí a bá fún un wọlé ní sẹ̀ǹtímítà 15, Newton 3,000 ni ó ń fi ti nọ́ọ̀tì náà. Ìyẹn ni pé àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́fà, oníkílò 50, ń dúró de ẹni tí yóò yọ nọ́ọ̀tì kí wọ́n lè dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Agbára tí ó pamọ́ sínú rẹ̀ jẹ́ Joule 225. Ó bi mí pé, "Bí òkúta oníkílò 10 bá já lu ọ́ láti òkè tí ó ju mítà méjì lọ, ṣé o máa fi okùn ọ̀rá gbà á?" N kò fèsì. Olùkọ́ ni mí, mo mọ ìgbà tí wọ́n bá ń fi ìbéèrè bá mi wí.

Nítorí náà, ibi tí mo pààlà sí nìyí. Ti ẹ̀yìn, ẹ ṣe é nílé. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí súpíríǹgì ẹ̀yìn wọn kò sí lára ṣọ́ọ̀kù, a óò gbé ara ọkọ̀ lé ìdúró onírin méjì, a óò fi jáàkì ti apá tí ó di wíìlì mú láti ìsàlẹ̀, a óò tú ẹsẹ̀ ṣọ́ọ̀kù, a óò sì rọra máa sọ jáàkì náà kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Súpíríǹgì yóò máa nà bí jáàkì ti ń sọ̀, títí yóò fi tú sílẹ̀ fúnra rẹ̀, tí ọwọ́ yóò lè gbé e kúrò. Jáàkì ni ó gba gbogbo agbára ọ̀hún kúrò lára rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Kí ẹ kàn máa ṣọ́ rọ́bà bíréèkì kí ó má baà fà já. Bí ẹ bá sì rí i pé jáàkì ti sọ̀ tán, síbẹ̀ tí súpíríǹgì kò tíì tú, ẹ má fi irin yọ ọ́. Ọkọ̀ tiyín ń fẹ́ irin ìfúnpọ̀ nìyẹn, ẹ dá a padà sí bí ó ti wà.

Ti iwájú, ẹ tú u kúrò lára ọkọ̀ nílé, ẹ má sì kọjá bẹ́ẹ̀. Lókè, níbi tí ẹ óò ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ óò rí nọ́ọ̀tì kéékèèké méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n yí ọ̀kan ńlá ká. Àwọn kéékèèké ni kí ẹ tú. Ọ̀kan ńlá tí ó wà láàárín, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má dẹ̀ ẹ́, ẹ má fi sípánà dán an wò. Tí gbogbo rẹ̀ bá jáde lódindi, ẹ gbé e lórí ọ̀kadà lọ bá oníṣẹ́ tí ó ní irin tí a fi ń fún súpíríǹgì pọ̀, kí ó fi èyí tí ẹ rà sí i, kí ẹ sì sanwó iṣẹ́ rẹ̀ láìnáà. Ibi tí mo ti dá àwọn tí ń bẹ̀rù fún oúnjẹ mẹkáníìkì lóhùn nìyẹn. Mo ṣì ń ná owó lọ́dọ̀ àbúrò mi; ohun tí ó gba irinṣẹ́ ni mo ń gbé fún un, kì í ṣe ohun tí ó gba sùúrù.

Àtakò kan kù tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ borí mi. Wọ́n ní níbo ni ilẹ̀ títẹ́jú wà ní Oníyanrìn tí a óò gbé ọkọ̀ sókè lé lórí? Òótọ́ ni. Ilé fara ti ilé, iwájú agboolé dagun, òjò sì ti wọ́ ilẹ̀ lọ. Jáàkì tí a gbé lé erùpẹ̀ lásán yóò rì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọkọ̀ yóò sì wó tẹ̀lé e. Pákó nínípọn, tí ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹ́ ẹsẹ̀ méjì, ni mo ń tẹ́ sábẹ́ tèmi, mo sì ń fi àpólà igi há iwájú àti ẹ̀yìn táyà tó kù. Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì tí ọ̀pọ̀ ń gbé ọkọ̀ lé kò dára rárá. Kì í kìlọ̀ kí ó tó fọ́. Táyà tí mo bá tú ni mo ń tì sábẹ́ ọkọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ mi, pé bí gbogbo nǹkan mìíràn bá kùnà, kí ọkọ̀ lè bà lé e kí ó tó bà lé mi. Ẹni tí kò bá ní ibi tí ó tẹ́jú tó gígùn ọkọ̀ rẹ̀, n kò lè gbà fún un pé kí ó ṣe é nílé. Kí ó wá àyè lọ síbòmíràn. Ẹ̀gbẹ́ títì kì í ṣe ilé ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan á ní kí ló kan ará ìta, ọkọ̀ mi ni. Ẹ lọ dúró ní Bẹẹrẹ ní aago méje àárọ̀ kí ẹ wo Micra tí ó ń sọ̀kalẹ̀ láti Mápó: èrò méjì lórí àga kan níwájú, àwọn ọmọléèwé gbá jọ sẹ́yìn, ìdí ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́ nílẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn kò bá onímọ́tò jókòó yẹ súpíríǹgì wò. Ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ yìí ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní 1977, kí ìjọba àpapọ̀ tó dá tirẹ̀ ní 1988. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ kò lè wo inú ìṣẹ́po mọ́gáàdì gbogbo ọkọ̀ tí ó ń kọjá. Onímọ́tò tí ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ tú ẹsẹ̀ ọkọ̀ rí mọ ohun tí ó wà níbẹ̀, ó sì mọ iye èrò tí ó yẹ kí ó kó.

Ẹ lè takò mí o. Bí irú àkọlé yìí bá wá nínú ìdánwò, ẹ má tìtorí pé irun orí mi ti ń funfun gbà fún mi. Ẹni tí ó bá ní kí oníṣẹ́ nìkan máa ṣe é, tí ó sì dáhùn ọ̀rọ̀ rọ́bà tí wọ́n ń há sínú súpíríǹgì yẹn dáadáa, èmi yóò fún un ní máàkì.

Ní tèmi, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ lọ́dọọdún, mo máa ń fi tépù wọn ọkọ̀ mi láti àárín wíìlì dé etí mọ́gáàdì, mo sì ń kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé kan. Lọ́dún yìí, ẹ̀yìn lápá òsì ti fi ìka méjì rẹlẹ̀ ju ọ̀tún lọ. Mo ti lọ sí ọjà Ararọ̀mí ní Gáàtì, mo ra tòkunbọ̀ méjì. Mo gbé wọn nàró sórí tábìlì ẹni tí ó ń tà á, mo rí i pé gíga wọn dọ́gba, àmì ọ̀dà tí ó wà lára wọn bára mu, ìpẹtà kò sì jẹ wọ́n lẹ́sẹ̀. Ọmọ àbúrò mi tí mo rán nómi lọ́jọ́ yẹn ti di géńdé báyìí. Òun ni yóò bá mi mú jáàkì ní Sátidé tí ń bọ̀.